Àwọn Tí Ó Há sí Àárín Ẹnubodè Méjì

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, àwòrán ńlá tí ó wà lára ògiri ni a máa ń na ọ̀pá sí. A ó wí pé ìlà yìí ni ó pín ilẹ̀ kan níyà kúrò lára èkejì, a ó sì kọjá lọ sí orí ọ̀rọ̀ odò àti òkè. Ìlà náà kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ, kò sì sí ọmọ tí í bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ bí ènìyàn bá lè máa gbé inú rẹ̀. Síbẹ̀ ibi kan wà ní aṣálẹ̀, lójú ọ̀nà tí ó ti Baghdad lọ sí Dàmásíkù, níbi tí ìlà náà ti ní inú, tí àwọn ènìyàn sì pàgọ́ sínú rẹ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún 2006 títí di oṣù kejì ọdún 2010. A bí ọmọ níbẹ̀, àwọn kan sì kú níbẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ ni Al-Tanf. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbé ibẹ̀ ni a fẹ́ là yé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú bí ẹ bá fi àyè gbà wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ti gbọ́ orúkọ àwọn ará Palẹstínì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ bí ènìyàn ṣe lè há sí àárín ilẹ̀ méjì kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹnubodè òde òní ti rí. Ní ayé àwọn baba wa, oníbodè kan ni ó ń jókòó sí ẹnu odi ìlú. Bí ó bá ti gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni, ẹni náà ti wọlé nìyẹn. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba méjì tí ó bá ara wọn pààlà a máa ní oníbodè méjì, olúkúlùkù lórí ilẹ̀ tirẹ̀, àlàfo a sì máa wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní tirẹ̀. Arìnrìn-àjò tí ìwé rẹ̀ pé kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun dé inú àlàfo yìí, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mọ́tò fi ń là á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí oníbodè ẹ̀yìn ti lu òǹtẹ̀ ìjáde fún, tí oníbodè iwájú sì kọ̀ láti lu ti ìwọlé fún, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Bí ó bá padà, ẹ̀rù ikú ń bẹ. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, ọmọ ogun ń bẹ pẹ̀lú ìbọn. Kò sí ìlú ní ọ̀tún, kò sí ìlú ní òsì.

Ará Palẹstínì tí ń gbé ní Íráàkì ni àwọn ènìyàn tí à ń sọ yìí. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì mọ ilẹ̀ baba wọn dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ wá láti ìletò mẹ́ta tí ó wà ní ìhà òkè Kámẹ́lì, ní gúúsù ìlú Haifa. Ijzim, Ein Ghazal àti Jaba ni orúkọ àwọn ìletò náà. Òkè yìí kan náà ni Èlíjà ti bá àwọn wòlíì Báálì figa gbága. Nígbà tí a dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1948, tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀, ìletò mẹ́ta wọ̀nyí dúró fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù keje ọdún náà ogun kó wọn. Àwọn ará ibẹ̀ sá lọ sí agbègbè Jenin, níbi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íráàkì tẹ̀dó sí. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ni ó kó wọn lọ sí Íráàkì. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, wọn kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Láti Kámẹ́lì dé ilẹ̀ Bábílónì! Ọ̀nà yìí ti mọ ẹsẹ̀ àwọn tí ogun lé tipẹ́tipẹ́. Àwọn ti 1948 kò rò pé àwọn yóò pẹ́ níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wọn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn nínú wọn.

Èdè wa ní orúkọ fún irú ènìyàn báyìí. Ogunléndé ni a ń pè wọ́n, ẹni tí ogun lé títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Orúkọ náà dára púpọ̀ lójú wa, nítorí kò dá ẹni náà lẹ́bi: ogun ni ó lé e, òun kọ́ ni ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ó sì ní ohun méjì nínú, lílé àti dídé. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, a lé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì dé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1949, Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ogunléndé Palẹstínì, UNRWA ni a ń pè é. Ilé iṣẹ́ yìí ń fún wọn ní oúnjẹ, ó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, ó sì ń tọ́jú àwọn aláìsàn wọn. Ṣùgbọ́n ibi márùn-ún péré ni ọwọ́ rẹ̀ dé: Jọ́dánì, Lẹ́bánónì, Síríà, ìhà ìwọ̀ oòrùn odò Jọ́dánì, àti Gásà. Íráàkì kò sí nínú wọn, nítorí ìjọba Íráàkì wí nígbà náà pé òun fúnra òun yóò bójú tó àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ òun. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ó fún wọn ní ibùgbé, àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún òfin kò jẹ́ kí wọ́n ní ilé tàbí ilẹ̀ ní orúkọ ara wọn, kò sì fi wọ́n ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìwé ìrìnnà tí a fún wọn, a kọ ọ́ sí i gbangba pé ogunléndé Palẹstínì ni ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Ẹ fi ìwé yìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni yóò di wọ́n mọ́ inú aṣálẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Àwọn mìíràn tún wá bá wọn lẹ́yìn ogun 1967, àti láti Kùwéètì ní 1991, tí ó fi jẹ́ pé ní 2003 àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Àgbáyé ṣírò wọn sí nǹkan bí 34,000, púpọ̀ nínú wọn ní Baghdad.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ilé díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ìkórìíra ti rú jáde. Ìjọba Saddam Hussein a máa gba ilé lọ́wọ́ àwọn onílé, a sì máa fi àwọn ará Palẹstínì sínú rẹ̀. Owó ilé tí ìjọba ń san kéré, kò sì yí padà. Nígbà tí owó Íráàkì wá di yẹpẹrẹ ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1990, owó ilé ọdún kan kò tó nǹkankan mọ́. Onílé ń wo ilé rẹ̀, kò lè gbé inú rẹ̀, kò lè rí owó jẹ lórí rẹ̀, kò sì tó ẹni tí í fẹnu sọ̀rọ̀ níwájú Saddam. Tani yóò dá onílé lẹ́bi bí inú rẹ̀ kò bá dùn? Ṣùgbọ́n ìbínú tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ọba, orí àlejò ọba ni í bọ́ sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Baghdad tí ìjọba Saddam sì wó, àwọn onílé dé pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n lé àwọn ìdílé náà síta. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ni ó lọ pàgọ́ sí pápá eré bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan ní Baghdad. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Haifa. Nínú gbogbo ìlú Baghdad, pápá kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú tí baba wọn sá kúrò ni wọ́n tún sá wọ̀.

Ibẹ̀ kọ́ ni ó burú jù. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 2006, àwọn kan fi àdó olóró wó òrùlé wúrà mọ́sáláṣí ńlá Samarra, tí àwọn Mùsùlùmí Shia kà sí ibi mímọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìpànìyàn ti gba ìlú kan láàárín Shia àti Sunni. Sunni ni àwọn ará Palẹstínì, wọ́n kéré níye, wọn kò ní ẹ̀yà ńlá tí yóò gbẹ̀san wọn, àwọn ènìyàn sì ń wí pé Saddam ni ó kẹ́ wọn. A ń jí wọn gbé, a ń rí òkú wọn lójú títì, a sì ń ju ìwé sí ẹnu ọ̀nà wọn pé kí wọ́n kúrò. Ìjọba tuntun pẹ̀lú sọ ìwé ìgbélùú wọn di ohun tí a ń tún gbà ní oṣù kan tàbí méjì, tí olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbà á. Ẹni tí ń fi ara pamọ́ fún apànìyàn ni a ní kí ó wá tò sí ojútáyé. Wọ́n bá di ẹrù wọn, wọ́n sì dojú kọ ẹnubodè.

Ibí yìí ni àlàyé wa ti le jù, a sì bẹ òǹkàwé kí ó fi sùúrù bá wa lọ.

Ní àkókò yìí kan náà, àwọn ọmọ Íráàkì pàápàá ń sá lọ sí Síríà. Síríà ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 2007 wọn kò béèrè ìwé àṣẹ ìwọlé lọ́wọ́ wọn, àwọn tí ó sì wọlé lé ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Àgbáyé. Nítorí náà a kò lè wí pé ilẹ̀ Síríà kò láàánú. Lórí ọ̀nà kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ọmọ Íráàkì á na páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí oníbodè, á kọjá. Ará Palẹstínì tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ní Baghdad, tí ìbọn kan náà ń lé, á na ìwé tirẹ̀, a ó sì ní kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ni ó fà á? Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ Íráàkì ní ilẹ̀ tí yóò padà sí. Bí ogun bá rọlẹ̀, ìjọba lè wí fún un pé ó tó, máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ibo ni a ó wí pé kí ará Palẹstínì padà sí? Òwe wa wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Oníbodè Síríà mọ òwe yìí bí a ti mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó dúró níwájú òun kò ní ilé tí yóò rè. Síríà ti ní ju 400,000 ará Palẹstínì lọ nígbà náà. Ti Jọ́dánì ju ìyẹn lọ fíìfíì, ẹ̀rù sì ń ba ìjọba ibẹ̀ pé àlejò fẹ́ pọ̀ ju onílé lọ. Àwọn méjèèjì tilẹ̀ gbà díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006 Síríà gba nǹkan bí 300 wọlé, ó kó wọn sí àgọ́ kan ní Al-Hol. Lẹ́yìn èyí ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ni ó di ará Al-Tanf.

Òfin àgbáyé ńkọ́? Àwọn orílẹ̀-èdè ṣe òfin kan ní Geneva ní ọdún 1951 láti dáàbò bo ogunléndé gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn tí ilé iṣẹ́ mìíràn nínú Àjọ náà ti ń tọ́jú sílẹ̀, èyíinì ni àwọn ará Palẹstínì tí ó wà lábẹ́ UNRWA. Èyí tí ó jáde kúrò ní ibi márùn-ún náà bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ kejì, tí ń bójú tó ogunléndé yòókù. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n Íráàkì, Síríà àti Jọ́dánì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fọwọ́ sí òfin 1951. Ilé iṣẹ́ náà lè gbé omi àti àgọ́ wá; kò lè ṣí ẹnubodè.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn ìjọba Lárúbáwá máa ń sọ, kò sì yẹ kí a fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1948, Àjọ Àgbáyé ṣe ìpinnu kan tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 194, pé kí a jẹ́ kí àwọn ogunléndé tí ó fẹ́ padà sí ilé wọn kí wọ́n sì bá aládùúgbò wọn gbé ní àlàáfíà padà, kí a sì san owó ohun ìní àwọn tí kò bá fẹ́ padà. Ìpinnu náà kò tí ì ṣẹ. Àwọn ìjọba Lárúbáwá wá ń wí pé, Bí a bá sọ wọ́n di ọmọ onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tàbí bí a bá ń kó wọn kiri láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ẹni tí ó lé wọn yóò wí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní 1965, ní Kasabúláńkà, wọ́n pinnu pé kí a fún àwọn ará Palẹstínì ní iṣẹ́ àti ìwé ìrìnnà bí ọmọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa jẹ́ ará Palẹstínì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ogunléndé fúnra wọn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. A mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a já ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹjọ́ rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n pa apá kejì ìpinnu Kasabúláńkà mọ́ ju apá kìíní lọ. Ẹlẹ́rìí tí a fẹ́ lò nílé ẹjọ́, ṣé aṣálẹ̀ ni a ó fi í pamọ́ sí títí ọjọ́ ìdájọ́ yóò fi pé? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Al-Tanf kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, Gaddafi tí ń jọba ní Líbíyà nígbà náà bínú sí àdéhùn tí àwọn aṣáájú Palẹstínì bá Ísírẹ́lì ṣe ní Oslo. Ó ní bí wọ́n bá ti rí ilẹ̀ gbà, kí gbogbo ará Palẹstínì tí ó wà ní Líbíyà máa lọ sí ilẹ̀ náà. Nǹkan bí 30,000 ni wọ́n. Íjíbítì kò jẹ́ kí ẹni tí kò ní àṣẹ láti wọ Gásà kọjá, Lẹ́bánónì sì yára ṣe òfin pé kí ará Palẹstínì tí ó ń bọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwọlé. Ọkọ̀ ojú omi kan kó wọn dé Kípírọ́sì, a kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn bí 1,000 sì há sí ẹnubodè Salloum, láàárín Líbíyà àti Íjíbítì, ní etí òkun, nínú àgọ́. Gaddafi dá ìlélùú náà dúró nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n di 1997 ni àgọ́ náà tó tú. Al-Awda ni orúkọ tí a fi ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìpadàbọ̀. A kíyèsí i pé nínú ọ̀ràn yìí, ọba kan fẹ́ fi ìyà ogunléndé kọ́ ọba mìíràn lọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Al-Tanf, kí a wo bí wọ́n ti ń gbé. Ilẹ̀ tóóró ni, ògiri wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, títì ńlá Baghdad wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá sì ń sáré kọjá lọ́sàn-án àti lóru. Ibi tí ó kù fún ọmọdé láti ṣeré kò ju etí títì lọ. Omi tí wọ́n ń mu, ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá láti Síríà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn oòrùn a máa mú títí irin àgọ́ kò fi ṣe é fọwọ́ kàn. Ní ìgbà òtútù omi a máa dì, òjò a sì máa sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Ìjì iyanrìn, àkekèé àti ejò kò lópin. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù ni iná. Aṣọ àgọ́ sún mọ́ ara wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi sítóòfù dáná oúnjẹ tí wọ́n sì ń yáná. Bí ẹ̀ta iná kan bá bọ́, kí a tó ké ìkejì àgọ́ mẹ́ta ti lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀ sọ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Bí àìsàn ẹnìkan bá le, a gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Síríà kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn ìwòsàn a ó sì dá a padà sínú àlàfo náà.

Iye wọn kò dúró lójú kan. Àwọn kan ti fi páásípọ́ọ̀tù Íráàkì ayédèrú wọ Síríà, wọ́n sì ń gbé Dàmásíkù jẹ́jẹ́. Bí ọwọ́ bá tẹ wọn, Al-Tanf ni a ń kó wọn wá. Nítorí náà bí àwọn kan ti ń rí ọ̀nà lọ, àwọn mìíràn ń dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tí ó gbé ibẹ̀ lé ní 1,300.

Ohun kan wà tí ó kan àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. A dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nínú àgọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNRWA àti UNICEF. Kò sí ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu nínú èyí, nítorí àwọn ará Palẹstínì kì í fi ẹ̀kọ́ ṣeré: ilẹ̀ ni a lè gbà lọ́wọ́ ẹni, wọn a sì máa di ìwé mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò bí ẹ̀yin ni ó wà nínú kíláàsì náà. Gbogbo wa ni a ti kọ́ wa pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, láti ibi tí ọmọ wà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ilé rẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àdúgbò, lẹ́yìn náà ìlú, títí dé orílẹ̀-èdè. Báwo ni olùkọ́ Al-Tanf yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá wí pé, Ẹ fi ilé yín hàn mí, àgọ́ ni. Bí ó bá wí pé, Ìlú wo ni a wà yìí, kò sí ìdáhùn kan tí kì í ṣe irọ́. Ọmọ tí a bí síbẹ̀, kí ni a ó kọ sí àyè ibi tí a gbé bí i? Ọ̀nà tí a kọ́ wa dára, a kò sì ní ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí i pé ó gbára lé ohun kan tí a kò fi ìgbà kan rò pé ó lè ṣe aláìsí.

Ọ̀rọ̀ wọn mú wa rántí orí ogún ìwé Númérì. Mósè rán oníṣẹ́ láti Kádéṣì lọ sọ́dọ̀ ọba Édómù pé ọ̀nà ọba nìkan ni àwọn yóò gbà, àwọn kò ní yà sí oko tàbí ọgbà àjàrà, bí àwọn bá sì mu omi àwọn yóò san owó rẹ̀. Ọba náà kọ̀, ó sì mú ìbọn ìgbà ayé rẹ̀, èyíinì ni idà, jáde. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ a máa bá Édómù wí púpọ̀ lórí èyí, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Ísírẹ́lì rí ibòmíràn yà sí. Àwọn ti Al-Tanf kò rí, nítorí pé ayé ti kún fún Édómù láti ìgbà náà.

Báwo ni ó ṣe wá parí? Kì í ṣe àwọn aládùúgbò ni ó parí rẹ̀, àwọn tí ó jìnnà ni. Ilé iṣẹ́ Àjọ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kí ó mú díẹ̀díẹ̀. Bràsíìlì ti ṣe irú èyí ṣáájú: ní 2007 ó kó àwọn tí ó lé ní 100 láti àgọ́ Ruwayshid ní Jọ́dánì, níbi tí àwọn ará Palẹstínì láti Íráàkì ti wà láti 2003, àgọ́ náà sì tú. Bràsíìlì yìí kan náà ni àwọn Àgùdà Èkó ti padà wá ní ayé àwọn baba ńlá wa, lẹ́yìn tí a ti kó àwọn tàbí òbí wọn lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ní 2008, Chile mú 116 láti Al-Tanf. A kò gbọdọ̀ ṣe kàyéfì pé ilẹ̀ tí ó jìnnà bẹ́ẹ̀ rántí wọn, nítorí àwọn Kristẹni láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti agbègbè rẹ̀ ti ń ṣí lọ sí Chile láti ìgbà tí àwọn ará Tọ́kì ń jọba ní Palẹstínì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn tí ń jẹ́ Palestino ti wà láti 1920. Iceland mú àwọn obìnrin àti ọmọ wọn, 29 ni gbogbo wọn, láti àgọ́ Al-Waleed tí ó wà lórí ilẹ̀ Íráàkì, tí kò jìnnà sí Al-Tanf. Amẹ́ríkà sì mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àgọ́ náà. Àwọn ti Al-Tanf tí ó lé ní 1,000 ni Bẹ́ljíọ̀mù, Chile, Finland, Ítálì, Norway, Sweden, Switzerland àti Bìrìtìkó pín láàárín ara wọn. Ìdílé tí ó ti jọ sá láti Haifa, tí ó jọ gbé Baghdad, tí ó sì jọ wà nínú àgọ́, ẹ̀gbọ́n lè wà ní Sweden kí àbúrò wà ní Chile.

Ní Íráàkì, àwọn ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni ó kù. Ní 2017 òfin tuntun kan gba ẹ̀tọ́ tí òfin 2001 fún wọn, pé kí a máa ṣe sí wọn bí ọmọ ilẹ̀, kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2010 a ti àgọ́ Al-Tanf. Ọgọ́ta ènìyàn ni ó kù tí orílẹ̀-èdè kankan kò tí ì mú. Síríà gbà nígbà náà kí wọ́n wọlé, a sì fi ọkọ̀ kó wọn la ẹnubodè tí ó ti sé mọ́ wọn lójú fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ sí Al-Hol, kí wọ́n máa retí ilẹ̀ tí yóò pè wọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, rògbòdìyàn tí ó di ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Síríà.